Ẹ̀dá Kékeré Tó Ń Bọ́ Agbami Òkun

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Ṣakí, olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa kò fẹ́ràn kí a máa wo àwòrán inú ìwé lásán. Lọ́jọ́ kan, ó kó wa lọ sí ọgbà ẹ̀yìn kíláàsì, ó fa ẹ̀wà kan tu tòun ti gbòǹgbò, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó sì gbé e yí wa ká. Àwọn kókó róbótó kan wà lára gbòǹgbò náà bí ìlẹ̀kẹ̀ lára òwú. Ó fi èékánná fọ́ ọ̀kan níṣojú wa. Inú rẹ̀ pọ́n.

"Inú yàrá kékeré yìí," ó ní, "ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mú, tí wọ́n ń sọ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo fi máa ń ṣe dáadáa níbi tí ẹ̀wà ti kúrò."

Ọ̀rọ̀ àgbàdo àti ẹ̀wà kò ṣàjèjì sí mi, nítorí àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ohun tó ṣàjèjì sí mi ni pé ẹnì kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ náà. Mo nawọ́.

"Sà, nínú òkun ńkọ́? Kò sí ẹ̀wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀pà. Ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ohun tó ń hù nínú omi?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ń bèèrè òkun! Ṣé ẹ ti rí odò tó kún dé orúnkún rí ní tiyín ni?" Olùkọ́ wa ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kò lè ṣe kí ẹnì kan má mọ̀ ọ́n. Ìwọ lọ wá a rí."

Mo wá a lóòótọ́. Àmọ́ kí n tó lè wá a, ẹbí ní láti gbà fún mi. Nígbà tí mo sọ nílé pé ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, wọ́n pé jọ sí iwájú ilé wa. Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló dára fún obìnrin," ó ní. "Ọsibítù wà ní Ṣakí, ó wà ní Ìsẹ́yìn. Bó bá kọ́ òkun tán, ta ló máa gbà á síṣẹ́ ní Òkè-Ògùn níbí? Àbí ẹja inú kànga ló fẹ́ máa tọ́jú?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ, kò gbé ojú sókè. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Ẹni tí ọ̀ràn ń dùn ló ń sunkún un. Ọmọ yìí ló ní ìbéèrè, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìwọ. Ẹ jẹ́ kó lọ." Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ìpàdé parí bẹ́ẹ̀.

Ní yunifásítì ni mo ti rí ìdáhùn. Ìlà díẹ̀ ni nínú ìwé kan, mo sì kà á ní àkàtúnkà títí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi bẹ̀ mí pé kí n pa ìwé dé. Àwọn ẹ̀dá kan wà nínú òkun tí wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Wọn kì í ṣe ewéko, wọn kì í ṣe ẹranko. Ìran kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń fi ìtànṣán oòrùn se oúnjẹ bí ewé ṣe ń ṣe. Sàyánóbakitéríà ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Kí igi kankan tó hù lórí ilẹ̀ ni wọ́n ti wà láyé. Díẹ̀ lára ìran wọn sì ní ẹ̀bùn tí kòkòrò inú gbòǹgbò ẹ̀wà ní: wọ́n lè mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí nǹkan mìíràn lè jẹ.

Ẹ̀bùn náà kì í ṣe kékeré. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun abẹ̀mí ò lè fọwọ́ kàn án. Méjì-méjì ló máa ń dì mọ́ ara rẹ̀, ìdìmọ́ra náà sì le púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u, agbára tí ìyẹn ń gbà kò sì sí lọ́wọ́ ewé tàbí ẹja. Nítorí náà, bí omi agbami òkun ṣe pọ̀ tó yẹn, bí ilẹ̀ tó ti ṣá ló rí. Létí òkun, odò ń kó ọ̀rá ilẹ̀ wọ inú omi, oúnjẹ wà. Àmọ́ ní agbami, níbi tí odò kankan ò dé, omi tó mọ́ gaara tó sì dúdú bí aró, omi ebi ni. Níbi tí ebi ti mú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá kékeré yìí ń gbé, tí wọ́n ń fa oúnjẹ yọ láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń bọ́ àwọn tó kù.

Láti ọjọ́ náà, n kò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ ju kí n fojú ara mi rí wọn.

Mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè kejì nígbà tí àǹfààní náà dé. Obìnrin kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà, ọmọ Ìlàjẹ, tí wọ́n bí sínú ilé tí wọ́n fi òpó gbé dúró lórí omi. Ó mọ òkun bí èmi ṣe mọ pápá. Ó yàn mí mọ́ àwọn tó máa bá a wọ ọkọ̀ ìwádìí lọ sí agbami, láti lọ wá irú kan nínú àwọn ẹ̀dá yẹn, èyí tó máa ń so pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí okùn, tí okùn á tún so pọ̀ di ìdì, títí yóò fi tó ohun tí ojú ènìyàn lè rí lórí omi. Ó ti kà nípa rẹ̀ láti ìgbà èwe, ó ti rí i nínú ìgò lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò tíì rí i kó bo ojú omi nínú òkun tiwa yìí.

Kí n má parọ́, òkun fi ojú mi rí màbo. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ wọ̀ lẹ́yìn wa tí òòyì fi gbé mi. Èébì tí mo bì kò ṣeé fẹnu sọ. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ìyá rẹ̀ mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá dúró tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ará òkè," ó ní, "òkun ló ń kí ọ káàbọ̀ yẹn. Dá a lóhùn."

"Mo ti ń dá a lóhùn láti àárọ̀, mà. Gbogbo ohun tó wà nínú mi ni mo fi dá a lóhùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí òun náà fi di irin mú. Ó lọ bá mi bèèrè atalẹ̀ àti gààrí gbígbẹ lọ́wọ́ kúùkù ọkọ̀. Ohun tí mo fi gbé e nìyẹn, títí ara mi fi mọ bí omi ṣe ń gbéra tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, mo lè dúró láìdi nǹkan kan mú. Mo lè kírun pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ní wàhálà tirẹ̀: ọkọ̀ ń yí, gábàsì náà ń yí. Ní gbogbo àsùbáà, mo máa ń gòkè lọ bá ọ̀gá atukọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni ìlà-oòrùn wà báyìí?" Ará Ẹ̀pẹ́ ni, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀. Yóò na ìka, yóò ní, "Yára kírun, n kò ṣèlérí pé ibẹ̀ ló máa wà tí o bá fi máa sálámà."

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. À ń sọ àwọ̀n kalẹ̀, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ dí ju ti ajọ̀ lọ, à ń fà á lọ nínú omi, à ń gbé e sókè. Omi mímọ́ ló ń jáde. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ ba ojú máíkírósíkópù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá lójú ẹni, a ó rí okùn kan níbí, okùn kan lọ́hùn-ún, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun ojú. Wọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n dà bí ẹni tí ìyàn mú, tí kò lágbára àtibímọ. Lójoojúmọ́, bákan náà. Òkun yí wa ká bí aró, kò sí ẹyẹ, kò sí ẹja tó ń fò.

Ọ̀gá atukọ̀ wò wá wò wá, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sẹ́ omi yìí bí ẹni ń sẹ́ ògì, n kò sì rí ògì kankan o."

"Ṣe sùúrù," Ọ̀jọ̀gbọ́n fèsì. Àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé sùúrù ti òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́ tán.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà, ètè mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo jí, ó ti gbẹ, ó ti là. Imú mi gbẹ. Mo fa èémí sínú, òórùn ilé wa ni mo gbọ́ ní àárín agbami. Mo sáré gòkè. Ojú ọ̀run ti funfun bí omi ògì, oòrùn dúró láàárín rẹ̀ bí owó idẹ, èèyàn lè wò ó láìṣẹ́jú. Mo fi ọwọ́ pa irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Eruku pupa rẹ́súrẹ́sú bo ìka mi.

Ọyẹ́ ti dé.

Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló ń ráhùn. Kúùkù ní eruku ti wọ àwo òun. Ọ̀gá atukọ̀ ní òun ò rí ọ̀nà jìnnà mọ́, pé ilé yá. Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín bí arìndìn. Láti aṣálẹ̀ ni ìjì yẹn ti ń bọ̀, ó gba orí pápá wa kọjá, ó gba orí òrùlé bàbá mi, kó tó já sójú òkun. Irin sì wà nínú eruku náà. Ohun kan náà tó mú ilẹ̀ wa pọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀dá tó bá fẹ́ já náítírójìn kúrò lára ara rẹ̀ nílò irin púpọ̀, ju bí àwọn yòókù ṣe nílò rẹ̀ lọ. Ní agbami, irin ṣọ̀wọ́n bí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Mà, ẹ jẹ́ ká dúró. Oúnjẹ wọn ló ń rọ̀ sílẹ̀ yìí."

Òun náà ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku jọ sínú ìgò. "Èmi ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀," ó ní, "o ò kàn mọ̀ pé mo ń gbàdúrà rẹ̀ ni. Àmọ́ ṣé wọ́n á jáde síta fún wa?"

"Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, tí omi bá tòrò, wọ́n á léfòó. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ ni mo mọ̀, mà. Ó máa ń fẹ́ kíkankíkan, lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan á dákẹ́ rọ́rọ́."

"Ó dáa. Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Ọ̀gá atukọ̀ ni. Ìwọ ló ni ọ̀rọ̀ ẹ, lọ sọ ọ́."

Mo gòkè lọ síbi tó ti ń tukọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ibi tí gábàsì wà ni o tún ń bèèrè?" ó ní.

"Rárá, sà. A fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ ká dúró síbí títí afẹ́fẹ́ á fi rọlẹ̀."

"Ká dúró de kí ni?"

"Eruku yìí, sà. Oúnjẹ ló jẹ́ fún ohun tí à ń wá."

Ó yíjú sí mi. "Láti ìgbà tí mo ti ń tukọ̀, eruku yìí ò ṣe mí lóore kankan rí. Ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Sà, ẹja tí kúùkù sè fún wa lánàá, kí lòun jẹ kó tó sanra?"

"Ẹja kékeré."

"Ẹja kékeré yẹn ńkọ́?"

"Àwọn edé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ inú omi. Apẹja ni bàbá mi, má dàmú mi."

"Edé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́, sà? Ewéko tíntìntín ló ń jẹ. Ewéko yẹn wá ńkọ́? Kí ló ń jẹ níbi tí ilẹ̀ ti jìnnà sí wa tó báyìí?" Mo rí i pé ó ń rò ó. "Ohun tí à ń wá yìí ló ń dáná àkọ́kọ́, sà. Láti inú afẹ́fẹ́ ló ti ń mú ohun tó ń sè. Irin inú eruku ni igi ìdáná rẹ̀."

Ó wo ojú ọ̀run tó funfun, ó tún wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀.

"O lẹ́nu. A máa dúró. Àmọ́ tí epo bá dé ibi tí mo mọ̀ pé ó yẹ ká yí padà, n kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́, a ò káwọ́ gbera. A pọn omi láti ojú kan náà, a pín in sínú àwọn ìgò tó mọ́ gaara. A fi eruku díẹ̀ sí àwọn kan, a fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. A tò wọ́n sínú ọpọ́n ńlá lórí ọkọ̀, níbi tí oòrùn á ti máa rí wọn, tí omi òkun á máa ṣàn yí wọn ká kí wọ́n má bàa gbóná jù. Lójoojúmọ́, mo máa ń lọ kí wọn bí ẹni tó ní òròmọdìẹ.

Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀ bí mo ṣe sọ, omi sì tòrò débi pé ojú òkun ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ní àárọ̀ yẹn, mo ti kírun àsùbáà tán, mo ṣì jókòó lórí ẹní, oòrùn ń yọ. Mo gbójú sókè. Mo rí ìlà kan lórí omi, ó gùn lọ rẹrẹẹrẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun pákó tó máa ń bọ́ lábẹ́ ayùn àwọn ará ibi ìlagi. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ọkọ̀ wa ni. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìlà mìíràn wà níbẹ̀. Níwájú ńkọ́? Wọ́n tò lọ títí ojú ò fi tó wọn mọ́, bí ebè oko ẹni tó lówọ́ iṣẹ́.

N kò mọ̀gbà tí mo ké. Mo ní, "Wọ́n ti dé! Ẹ wá wò ó! Wọ́n ti dé o!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré jáde láìwọ bàtà, ìborùn rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, kò mú un. A sọ garawa kalẹ̀, a fà á sókè. Ó kún fún àwọn ìdì kéékèèké, àwọn kan gùn gbọọrọ bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dì lọ́rùn, àwọn kan rí pọ̀ọ̀pọ̀ọ̀ bí èso òwú tó là. Òórùn rẹ̀ dà bí koríko tí wọ́n gé sílẹ̀ tí oòrùn ti pa díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú garawa, ó bu ú, ó ń wò ó. Obìnrin tó ti kọ́ bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nípa nǹkan yìí, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ará òkè," ó ní, "ojú mi ti rí i."

Lábẹ́ máíkírósíkópù, wọ́n rẹwà ju ohun tí mo lérò lọ. Okùn lórí okùn, okùn kọ̀ọ̀kan pín sí yàrá-yàrá, yàrá kọ̀ọ̀kan kún fún àwọ̀ aró òun ewé. Wọn kò sì nìkan gbé. Àwọn edé kékeré ń rìn láàárín wọn, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ìwọ̀nba ẹ̀dá ló ń jẹ àwọn fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ ayé ni pé wọ́n ń jò. Nínú náítírójìn tí wọ́n mú, wọ́n ń jẹ́ kí díẹ̀ máa sun jáde sínú omi nígbà tí wọ́n wà láàyè, èyí tó kù sì ń jáde nígbà tí wọ́n bá kú tí wọ́n rà. Ewéko tíntìntín gbogbo tó wà nítòsí á rí jẹ, wọ́n á pọ̀ sí i, edé á jẹ ewéko, ẹja á jẹ edé.

A sì fojú rí i. Bí àwọn ọjọ́ ṣe ń lọ, omi tó ti dúdú bí aró bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Àwọ̀n wa ń wúwo. Ẹja tó ń fò fò kọjá níwájú ọkọ̀, ẹyẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Nínú ọpọ́n, àwọn ìgò tí a fi eruku sí ti ki, wọ́n ti ní àwọ̀ ewé, àwọn tí a ò fi nǹkan kan sí ṣì mọ́ gaara. Kò tiẹ̀ nílò ẹ̀rọ kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀ wọn. Síbẹ̀ a fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, a tún un wọ̀n, nǹkan kan náà ló ń jáde: àwọn tó jẹ eruku ló ń mú náítírójìn jù.

Ọ̀gá atukọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tẹ̀ ba ojú máíkírósíkópù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó ní, "Bàbá mi máa ń pe nǹkan yìí ní ìdọ̀tí òkun. Ó máa ń bú u pé ó ń dí àwọ̀n òun. Àṣé òun ló ń bá a sin ẹja." Ó jáde, ó ní kí kúùkù din gbogbo ẹran tó kù. A jẹ, a kọrin, àwọn ará Ìlàjẹ àti ará Ẹ̀pẹ́ ń fi orin bá ara wọn jà, èmi náà kọ tiwa láti Òkè-Ògùn, wọ́n gbè é.

Nígbà tí mo dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, bàbá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n kún iwájú ilé wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo fi àwòrán inú fóònù hàn wọ́n. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé lódì kejì ọ̀nà dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Dúró ná. Ṣé eruku tó ń ba aṣọ mi jẹ́ lórí okùn ni ẹja òkun ń fi ṣayé?"

"Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

"N kò bínú. Kí wọ́n máa fi ẹja ránṣẹ́ sí mi ni."

Ẹ̀rín sọ. Àbúrò bàbá mi dìde, gbogbo ènìyàn sì dákẹ́, wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í pa ẹnu mọ́. Ó ní, "Ìbéèrè tèmi rèé. Bí a bá bu ẹ̀dá yẹn wá síbí, ṣé yóò bá wa jí ilẹ̀ oko?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju gbogbo ìyìn lọ. Mo ní, "Rárá, sà. Tòkun ò lè yè níbí. Àmọ́ ẹ tẹ̀lé mi." Mo kó wọn lọ sí ìdí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ mọ àwọn ìlà dúdú tó máa ń ṣàn wá sílẹ̀ lára àpáta wa gbogbo, láti Ṣakí títí dé Adó-Àwáyè. Mo da omi sí i lára. Nígbà tó rin dáadáa, mo fi ọ̀bẹ họ díẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gbé e sínú oòrùn: àwọ̀ aró òun ewé. "Ìbátan wọn ló ń gbé níbí láti ìgbà ìwáṣẹ̀," mo ní. "Àwọn kan lára wọn ń mú náítírójìn bákan náà. Tí òjò bá rọ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́ sínú oko yín."

Àbúrò bàbá mi gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó wá yíjú sí àwọn ènìyàn, ó ní, "Ọmọ wa ni o." Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá dé ilé rẹ̀, ìdí àpáta ló kọ́kọ́ ń mú wọn lọ.

Mo gboyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ náà. Mo di olùkọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n ní kí n darí ìrìn-àjò tó kàn sí agbami. Mo yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọbìnrin Òkè-Ògùn sì wà nínú wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ Ṣakí, tí wọn ò rí òkun rí. Bàbá mi ní òun á wá sin mí. Kò gbọ́ pé ọ̀nà jìn. Ó wọ agbádá funfun rẹ̀ tó ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ó dúró létí ebúté, ó ń wo omi tí kò lópin. Ó wá ní, "Allāhu Akbar," jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá atukọ̀ wa ti ìgbà yẹn, tí orí rẹ̀ ti funfun, ló sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi gbé e dìde, ó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọ̀gá nínú ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni mo ń tù ú, Bàbá," ó ní. Ó yíjú sí mi. "Àmọ́ ibi tí ọmọ yín bá ní ká lọ là ń lọ. Ẹ jẹ́ ká gbéra, mà. Omi ti tòrò."

Bàbá mi wò mí látòkè délẹ̀, ẹ̀rín ń tú jáde lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, fún atukọ̀ àti fún ọkọ̀. Mo gun àkàbà lọ. Mo dúró níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn, ọkọ̀ fun fèrè, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, bàbá mi sì bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń jù ú sókè ní etí ebúté bí ọ̀dọ́mọkùnrin.